Aṣọ ń tà, owó dà? Ìtọ́sọ́nà ètò owó fún ilé iṣẹ́ kàmpálà kékeré ní Òṣogbo

Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ará Òṣogbo níṣẹ́ aró. Ìlú Aró ni wọ́n ń pè wá, ẹni tó bá sì rìn wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lè rí aṣọ lórí okùn kó tó rí ẹni tó ni ín. Ìdí owó lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ọdún Ọ̀ṣun á parí nínú oṣù kẹjọ, aṣọ á ti tà, àmọ́ tó bá di pé ká tún lọ ra tẹ́rù, aṣọ funfun tí à ń rẹ, ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò yá wa lówó. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á máa fura sí ọmọṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olè kankan níbẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ ni kò tó iye tí wọ́n fi ṣe é, wọn ò sì mọ̀, torí owó tẹ́rù àti owó dai, ìyẹn aró òyìnbó, nìkan ni wọ́n ń rò.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé: èló ni ẹyọ aṣọ kan ná yín gan-an títí ẹ fi ká a sínú náílọ́ọ̀nù? Iye owó tí mo lò nísàlẹ̀, mo mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni. Iye tí ẹ̀yin rà á lọ́jà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ tàbí tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù náà lè bá wa ṣe é, ohun èlò nìkan ni yóò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yọ owó iṣẹ́ kúrò lára owó ilé

Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn tó jẹ́ pé owó aṣọ nìkan ni yóò máa wọ ibẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí ẹ tó ṣe é. Owó ata, owó aṣọ ẹbí àti owó ilé ìwé ọmọ ò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde.

Kí ẹ wá máa san owó oṣù fún ara yín. Èyí ló máa ń ya àwọn ìyá wa lẹ́nu jù: "Èmi náà ni n ó tún máa sanwó fún ara mi?" Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹ ò bá san án ní gbangba, ẹ ó máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì lónìí, márùn-ún lọ́la, tí oṣù bá sì parí, kò sẹ́ni tó mọ iye tó ti lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, 60,000 náírà ni ọ̀gá ń gbà lóṣù. Bí owó ilé ìwé bá dé lójijì tí kò sí ibòmíràn tí ẹ lè gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jẹ ilé iṣẹ́ ní gbèsè, kí ẹ máa yọ ọ́ lára owó oṣù yín títí yóò fi tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé kan, kó tó di alẹ́

Àwìn wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, owó tó jáde wà nínú fóònù, èyí tó kù wà nínú orí ọ̀gá: irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ fi rúlà fa ìlà sí i, kí ààyè wà fún ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde àti èyí tó kù. Bí ojú ìwé kan ṣe máa rí nìyí:

9/6: owó tó wà nílẹ̀, 84,000
9/6: ìda àti àbẹ́là, jáde 12,000, ó ku 72,000
9/6: omi, jáde 3,000, ó ku 69,000
10/6: Màmá tó ń tà n'Íkìrun, aṣọ mẹ́ta, wọlé 39,000, ó di 108,000
10/6: dai, a fi owó ránṣẹ́, jáde 18,000, ó ku 90,000
10/6: owó tí wọ́n yọ ní báńkì, jáde 50, ó ku 89,950

Ẹ má fojú kéré 50 náírà yẹn. Owó ìjọba ni, wọ́n sì ń yọ ọ́ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ tó bá ti tó 10,000. Owó tí oní-POS ń gbà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti ná 500 náírà sórí rẹ̀, kí a má tíì ka ti POS.

Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹ ka owó tó wà lọ́wọ́, ẹ wo èyí tó wà ní báńkì, ẹ ro ó pọ̀. Bí kò bá bá ti ìwé mu, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹ ó tú wò. Bí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù mẹ́ta, ẹ ò ní rí ìdí rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ iye tí ẹyọ kan ná yín

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká pe ogún aṣọ, yáàdì márùn-ún márùn-ún, ní ìdì kan. Ohun tí ìdì kan gbà nìyí:

Tẹ́rù, 100 yáàdì ní 1,200: 120,000
Dai: 18,000
Kọ́sítíìkì àti háídró, kẹ́míkà tí à ń pò mọ́ dai: 9,000
Ìda àti àbẹ́là: 12,000
Igi ìdáná: 6,000
Omi: 3,000
Owó àwọn tó di aṣọ tí wọ́n sì fi ìda ya á, 700 lórí ẹyọ kan: 14,000
Sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù: 4,000
Náílọ́ọ̀nù àti lébẹ́ẹ̀lì: 2,000
Ọkọ̀: 4,000
Àpapọ̀: 192,000

Bí a bá pín 192,000 sí ogún, 9,600 ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tiẹ̀ ń ṣírò rárá, ibí ni wọ́n ń dúró sí. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ṣì kù.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ tó bàjẹ́. Ìda á sán, aró á wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, tàbí kí àwọ̀ má mú dọ́gba. Ẹ wo ìdì mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ sọ òótọ́ fún ara yín. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ń bàjẹ́ nínú ogún, aṣọ mọ́kàndínlógún ni yóò ru owó gbogbo rẹ̀. 192,000 pín sí 19 jẹ́ 10,105. Bí ẹ bá rí ẹni ra èyí tó bàjẹ́ ní ẹ̀dínwó, ẹ kọ ọ́ bí owó tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e.

Èkejì ni owó tí ilé iṣẹ́ ń jẹ, bóyá a rẹ aṣọ tàbí a ò rẹ. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń san 180,000 lọ́dún, 15,000 ni lóṣù. Oúnjẹ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, 10,000. Iná, 6,000. Dátà àti owó ìpè, 5,000. Owó tí ẹ ń tọ́jú de ìgbà tí agbada, báàsì àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà bá gbó, 4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,000 lóṣù. Bí ẹ bá ń ṣe ìdì mẹ́rin lóṣù, 10,000 ló kan ìdì kọ̀ọ̀kan. Agbada ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Wọ́n á ní ó ti wà nílé tipẹ́, ọjọ́ tí ìdí rẹ̀ bá wá jò, owó tẹ́rù ni wọ́n ó fi ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta ni owó oṣù ọ̀gá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: 60,000 pín sí ìdì mẹ́rin jẹ́ 15,000.

Ẹ ro ó pọ̀: 192,000, pẹ̀lú 10,000, pẹ̀lú 15,000, ó di 217,000. Ẹ pín in sí aṣọ mọ́kàndínlógún. Ẹyọ kan ti di 11,421.

Ẹ wá fojú inú wo oníbàárà tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: "Màmá, ẹ gbà á ní 11,000, mẹ́wàá ni mo fẹ́ mú." Ẹni tó mọ 9,600 nìkan yóò yọ̀, yóò ní òun jẹ èrè 1,400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò tún fún un ní ẹ̀bùn gèlè. Ó ti pàdánù 421 lórí ẹyọ kan, 4,210 lórí mẹ́wàá, kí a má tíì ka gèlè. Irú ọjà báyìí ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kún fún oníbàárà tí ọwọ́ ọ̀gá ò sì tẹ nǹkan kan.

Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ẹ jẹ́ ká tà á ní 13,000. Aṣọ mọ́kàndínlógún yóò mú 247,000 wọlé, 30,000 ni èrè lórí ìdì kan. Ẹ kọ 11,421 yẹn sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín tajà mọ̀ ọ́n, kó má báa gé owó kọjá ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Iye tí ẹ ó tún rà á ni kí ẹ fi ta èyí tó wà nílẹ̀

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú dai àti kẹ́míkà tí à ń lò ti ń wá. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba ní kí ọjà máa pinnu iye náírà fúnra rẹ̀, kò ní gbàgbé bí iye ohun èlò ṣe ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń wo iye tí wọ́n rà á tẹ́lẹ̀ ta ọjà wọn tán pẹ̀lú èrè nínú ìwé, àmọ́ owó náà kò ra ìdì kan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé tẹ́rù kúrò ní 1,200, ó di 1,400. Ìdì tó ń bọ̀ ti fi 20,000 wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú èrè 30,000 tí ẹ jẹ, 20,000 gbọ́dọ̀ padà sídìí iṣẹ́ kí ẹ lè ṣe iye aṣọ kan náà. 10,000 péré ló ṣẹ́kù tí ẹ lè pè ní èrè. Nítorí náà, kí ẹ tó lẹ owó mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ pe ẹni tí ẹ ń ra tẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ béèrè iye tó ń tà á lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò ìgbésẹ̀ 3 lákọ̀tun. Oníbàárà yóò kùn. Ẹ ṣe é lọ́rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ má gé e.

Ìgbésẹ̀ 5: Aṣọ mélòó ló gbọ́dọ̀ tà lóṣù?

Owó ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 40,000, ti ọ̀gá jẹ́ 60,000: 100,000 lóṣù, òjò rọ̀, òjò ò rọ̀. Lórí ìdì kan, ẹ yọ 192,000 kúrò nínú 247,000, ó ku 55,000. Ìdì méjì yóò mú 110,000 wá. Bí a bá kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, aṣọ márùndínlógójì ló tó láti mú 100,000 yẹn jáde. Oṣù tí ẹ ò bá tà tó bẹ́ẹ̀, owó òkòwò ni ẹ ń jẹ. Bí ìdì kan ṣoṣo bá tà, ilé iṣẹ́ ti jẹ 45,000 nínú ara rẹ̀.

Oṣù bẹ́ẹ̀ yóò sì dé. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ìdì mẹ́rin lè di méjì. Ẹ fi nǹkan pamọ́ nínú èrè oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ de àkókò yẹn, sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwìn àti owó àsansílẹ̀

N kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe tà láwìn. Ẹni tó bá gbé aṣọ lọ sí Ìkìrun tàbí Ìlobùú lọ tà kò lè san gbogbo owó lójú ẹsẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ọjà wa rìn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ààlà sí i. Òfin tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé tuntun títí yóò fi san ti àtijọ́ tán, ẹ sì lè sọ ọ́ láìbá ẹnikẹ́ni jà:

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún mi ní mẹ́ta, bí mo bá ti tà á tán n ó fi owó ránṣẹ́."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ti mẹ́ta tó lọ lọ́jọ́sí ló ku 26,000. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọlé ná, mo ti di tuntun yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Aṣọ ẹbí yàtọ̀. Àwọ̀ tí wọ́n yàn fún òkú ìyá àgbà kan, ó lè ṣòro kí ẹlòmíràn tó rà á bí wọ́n bá yí ọkàn padà. Ẹ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ aró. Lórí ogún aṣọ ní 13,000, ìyẹn jẹ́ 195,000, ó sì ju 192,000 tí ìdì kan gbà lọ díẹ̀. Bí wọn ò bá padà wá, owó òkòwò yín kò ní bá wọn lọ. Àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wọlé kí aṣọ tó jáde, ẹ sì wò ó nínú àkáǹtì yín fúnra yín. Ẹ má wo àlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n nà sí yín nínú fóònù tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó ọdún Ọ̀ṣun

Láti ìgbà tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, òkìkí ọdún náà ti kàn ré kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó ń ti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá máa ń fẹ́ mú aṣọ lọ sílé. Àárín òjò ni oṣù kẹjọ bọ́ sí. Nítorí náà, aṣọ ọdún, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́, èyí sì túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù kejì. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kó fún yín ní ìgbà kíkó tó bọ́ sí oṣù kejì.

Ẹ má sì fi gbogbo owó ra tẹ́rù. Aṣọ tí ẹ rẹ ní oṣù kẹta tí yóò tà ní oṣù kẹjọ ti so owó rọ̀ fún oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹ ó san owó ṣọ́ọ̀bù láàárín rẹ̀. Ìdajì èrè tí ẹ ti kó jọ tó fún un. Ọjà ọdún kì í ṣe ọjà àwìn o. Ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè ò ní padà wá san gbèsè.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí ẹ tó yáwó

Bí wọ́n bá ní èlé "márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún" lóṣù, ẹ mú ìwé jáde. 200,000 fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá ń ka èlé lórí gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èlé jẹ́ 10,000 lóṣù, 60,000 lápapọ̀. Ẹ ó san 260,000, nǹkan bíi 43,333 lóṣù. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹ ti ń san án ni owó tó wà lọ́wọ́ yín ń dín kù, síbẹ̀ èlé kò dín kù. Oṣù tí ìdì mẹ́rin bá tà, èrè jẹ́ 120,000, ẹ lè san án. Oṣù tí ìdì méjì bá tà, 10,000 ni gbogbo ohun tó kù. Kí lẹ ó fi san án?

Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí a ti fi pamọ́, èlé wọn sì máa ń fúyẹ́. Áàpù tó ń yáni lówó nínú fóònù, tó ní kí ẹ san án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá iṣẹ́ aró mu rárá: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ lè má tíì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ 9: Owó orí

Ẹni tó forúkọ òwò nìkan sílẹ̀ ní CAC, tí kò dá kọ́ńpínnì sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni yóò san owó orí rẹ̀ fún. Nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, wọn kì í gba nǹkan kan lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí a san owó orí lé lórí lọ́dún. Lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lójú òfin, owó oṣù tí ọ̀gá ń san fún ara rẹ̀ wà lára èrè. Bí ìdì mẹ́rin bá tà lóṣooṣù jálẹ̀ ọdún, èrè jẹ́ 1,440,000, owó ọ̀gá jẹ́ 720,000, àpapọ̀ 2,160,000. Ẹ yọ 800,000 kúrò, ó ku 1,360,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 204,000, ìyẹn 17,000 lóṣù tí ẹ lè máa yà sọ́tọ̀. Orí èrè ni wọ́n ń gbà á, kì í ṣe orí gbogbo ohun tó tà, àmọ́ ìwé ìgbésẹ̀ 2 àti rìsíìtì ni ẹ ó fi hàn wọ́n. Ẹni tí kò ní ìwé, wọ́n á fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 10: Alẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí

Ẹ ka owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì. Ẹ ka aṣọ tó wà nílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ fi iye tí ohun èlò rẹ̀ ná yín kọ ọ́, 10,105, ẹ má fi 13,000 kọ ọ́, torí kò tíì tà. Ẹ ro gbèsè tí wọ́n jẹ yín mọ́ ọn. Ẹ yọ gbèsè tí ẹ̀yin jẹ. Ohun tó kù ni ẹ ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tó kọjá. Bó bá ga sókè lẹ́yìn tí ọ̀gá ti gba owó oṣù rẹ̀, ẹ jẹ èrè. Bó bá wálẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3 pẹ̀lú iye ọjà tuntun.

Aṣọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lórí pẹpẹ, ẹ kọ ọ́ ní ìdajì. Gbèsè tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ má kà á mọ́ owó yín mọ́. Bó bá wọlé lọ́jọ́ kan, ẹ kọ ọ́ bí owó tuntun, ní ọjọ́ tó wọlé.